Fìlà Kejìdínlógún

Ẹ dé ṣọ́ọ̀bù Florence Ògúnwálé ní Ìkàrẹ́, lójú ọ̀nà tó lọ sí Àkùngbá, ẹ ó rí obìnrin tó mọṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́. Búláòsì, kaba, aṣọ ilé ìwé, kò sí èyí tí kò lè rán, abẹ́rẹ́ rẹ̀ kì í sì í ṣìnà. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé ègé aṣọ lọ bá a pé kó fi rán fìlà fún ọmọ yín. Á wolẹ̀, á ní òun ò mọ fìlà rán.

Irọ́ ni, ẹ̀yin èèyàn mi. Fìlà mẹ́tàdínlógún ló wà nínú àpótí abẹ́ ibùsùn rẹ̀, ọwọ́ ara rẹ̀ ló sì rán gbogbo wọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni fún ọjọ́ ìbí kọ̀ọ̀kan tí Gbémisọ́lá ti ṣe láyé, Gbémisọ́lá tó jẹ́ ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Èyí àkọ́kọ́ kò ju ohun tí a lè fi bo igbá ọbẹ̀ lọ. Èyí tó kẹ́yìn, àgbàlagbà lè dé e jáde. Ẹni tó bá ṣí àpótí náà á ní ìyá yìí mà fẹ́ràn ọmọ o. Ó fẹ́ràn rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀rù ló kọ́ ọ ní fìlà rírán.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Florence àti ọkọ rẹ̀, Samuel, tó jẹ́ tíṣà ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Òkà, wá ọmọ fún ọdún mẹ́sàn-án gbáko. Orí òkè ni wọ́n ń gbé ní Òkà nígbà náà, níbi tí ilé ti fara kan ilé, tí ẹni tó bá sín ní yàrá rẹ̀ á gbọ́ "pẹ̀lẹ́" láti ilé kejì. Irú ibẹ̀ kò rọrùn fún obìnrin tí kò rí ọmọ bí. Ojú gbogbo ayé ló wà lára ikùn rẹ̀. Nígbà tó di ọdún 2006, tọkọtaya náà yọ́ lọ sí ọsibítù kan ní Ìbàdàn. Ohun tí wọ́n sọ nílé ni pé Samuel ń lọ ṣe kọ́ọ̀sì. Àwọn dókítà gba ẹyin lára Florence, wọ́n gba àtọ̀ lára Samuel, wọ́n pò wọ́n pọ̀ nínú abọ́ gíláàsì, lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan wọ́n dá a padà sínú ilé ọmọ. Ìgbà kìíní kò dúró. Ìgbà kejì dúró, ó sì di Gbémisọ́lá nínú oṣù kẹwàá ọdún kejì.

Àwọn dókítà yẹn ní àwọn ń tọ́pasẹ̀ àwọn ọmọ tí a bí báyìí títí wọ́n á fi pé ọdún méjìdínlógún, kí wọ́n lè mọ bí wọ́n ṣe ń dàgbà sí. Samuel fọwọ́ sí i, Florence náà fọwọ́ sí i. Lọ́dọọdún, bí ọjọ́ ìbí bá ti pé, nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Habeebat á pè lórí fóònù. Á béèrè gíga ọmọ, ìwúwo rẹ̀, ìwọ̀n orí rẹ̀ yíká, ìgbà tó rìn, ìgbà tó sọ̀rọ̀, àìsàn tó ṣe é, bó ṣe ń ṣe nílé ìwé.

Gíga kò ṣòro. Ọmọ aránṣọ ni, ta ló máa béèrè ìdí tí ìyá rẹ̀ fi ń fi tépù wọ̀n ọ́n? Orí ló fa wàhálà. Ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún kan nígbà tí ìyá Samuel já wọlé, tó bá Florence pẹ̀lú tépù lórí ọmọ. Ó bi í pé kí ló ń wọ̀n. Florence ní fìlà lòun fẹ́ rán. Ó sì di dandan kó rán fìlà. Bí àwọn irọ́ kan ṣe rí nìyẹn, iṣẹ́ ló ń bá wọn wá.

Bó bá jẹ́ irọ́ fìlà nìkan ni, n kì bá tí jókòó sọ ìtàn yìí. Èyí tó burú ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú, lọ́jọ́ ìkórè ọdún tí wọ́n bí ọmọ náà, tí kò tíì ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ. Wọ́n pe Florence síwájú ìjọ ní Òkà pé kó wá jẹ́rìí. Òun àti Samuel ti fẹnu kò nílé: wọ́n á sọ pé Ọlọ́run lo ọwọ́ dókítà. Ọ̀rọ̀ tí kò nítìjú nìyẹn. Ṣùgbọ́n bó ti gba makirofóònù, ó rí ìyá ọkọ rẹ̀ lórí àga iwájú, ó rí gbogbo ojú òkè Òkà tó ń wò ó, ó sì rántí ohun tí wọ́n ń sọ nípa ọmọ obìnrin kan ní Ìṣùà. Ọmọ inú ìgò ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ní irú wọn kì í gbó, wọ́n ní ọpọlọ wọn kì í pé. Florence gbé makirofóònù sẹ́nu. Ó ní àdúrà nìkan ni, ọwọ́ dókítà kankan kò kan òun.

Ṣọ́ọ̀ṣì mì tìtì. Samuel tẹrí ba, kò sì tún gbé e sókè títí ìsìn fi parí.

Láti ọjọ́ náà ni Gbémisọ́lá ti di Ọmọ Ẹ̀rí. Ní gbogbo ìkórè, wọ́n á gbé e síwájú pẹ̀lú fìlà tuntun lórí, àwọn obìnrin tó ń wá ọmọ á tò wá, wọ́n á fọwọ́ kan orí rẹ̀, wọ́n á gbàdúrà. Ẹni tó sì máa ń ṣíwájú ìlà ni Naomi.

Ẹ mọ Naomi dáadáa, nítorí òun ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí bí a bá fẹ́ sọ òótọ́. Ọ̀rẹ́ kòríkòsùn ni òun àti Florence. Ẹgbẹ́ akọrin kan náà ni wọ́n wà, ìwé orin kan náà ni wọ́n ń wò. Naomi náà kò rí ọmọ bí. Ezekiel, ọkọ rẹ̀, ti gbọ́ nípa ọsibítù tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ó ní kí àwọn lọ. Naomi fàáké kọ́rí. Ó ní bí Ọlọ́run bá lè ṣe é fún Florence láìsí dókítà, òun ò ní fi àìnígbàgbọ́ ba tòun jẹ́. Florence wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó sọ ọ́. Aṣọ akọrin ni wọ́n jọ ń ká. Ó ká èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó tú u, ó tún un ká.

Ọdún ń gorí ọdún. Naomi ń fọwọ́ kan orí ọmọ lọ́dọọdún. Nígbà tó yá, Ezekiel fẹ́ ìyàwó mìíràn wọlé, ìyẹn sì bímọ mẹ́ta léra léra. Àwọn ọmọ náà ń pe Naomi ní Àǹtí, gbogbo àdúgbò náà ń pè é ní Àǹtí. Kí ni wọn ì bá tún pè é? Kì í ṣe ìyá ẹnì kan.

Ọdún tí ìyàwó kejì wọlé ni Florence yọ Samuel lẹ́nu títí wọ́n fi kó wá sí Ìkàrẹ́. Ó ní iṣẹ́ aránṣọ tà níbẹ̀ ju ti Òkà lọ. Ìkàrẹ́ sí Òkà kò jìnnà, ẹni tó bá wọkọ̀ kò ní tíì jẹ búrẹ́dì rẹ̀ tán kó tó dé. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá fẹ́ rí ojú ẹnì kan lè sọ ibi tó sún mọ́ di ìdálẹ̀. Kò lọ sí Òkà mọ́ àfi ọjọ́ ìkórè, lọ́jọ́ náà pàápàá, á sáré padà. Naomi rò pé owó aránṣọ ló gun ọ̀rẹ́ òun lórí.

Samuel kú nígbà tí ọmọ wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá. Ohun tó sọ fún ìyàwó rẹ̀ kẹ́yìn ni pé kó sọ fún ọmọ náà, kó má jẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Florence ní òun á sọ ọ́. Ẹ̀yin náà mọ irú "màá sọ ọ́" bẹ́ẹ̀.

Ohun tí àṣírí yìí fi ojú Florence rí kò kéré. Bí ọmọ obìnrin mìíràn kò bá tètè rìn, ìyá rẹ̀ á pariwo sí aládùúgbò, wọ́n á ní kó fọkàn balẹ̀, tàwọn náà pẹ́ kó tó rìn. Gbémisọ́lá pé oṣù mẹ́rìnlá kò tíì rìn, Florence kò lè bi ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rù ń bà á pé ìdáhùn lè jẹ́ ìgò. Bí ibà bá ń ṣe ọmọ, ìgò ni. Bó bá gbàgbé ìṣirò, ìgò ni. Nígbà tí wọ́n ní kó máa lo awò ojú, Florence sunkún nínú ilé ìwẹ̀, bẹ́ẹ̀ Samuel ti ń lo awò kí wọ́n tó fẹ́ra wọn! Nọ́ọ̀sì Habeebat á ní ara ọmọ yín le, ó ń dàgbà bí ẹgbẹ́ rẹ̀. Á dúpẹ́, á gbé fóònù sílẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọmọ. Ọmọ náà ṣáà ń dàgbà ní tirẹ̀. Ó ń sáré, ó ń gba ipò kejì, ó ń jà nílé ìwé. Nígbà tó pé ọdún mẹ́tàlá, ó ní òun ò lọ síbi ìkórè kankan mọ́, kí wọ́n wá orí mìíràn fọwọ́ kàn.

Yunifásítì tó wà ní Àkùngbá ló wọlé sí. Florence dúpẹ́ pé kò jìnnà. Ṣùgbọ́n ọmọ náà lè lo oṣù méjì láìwálé. Florence kò tíì mọ oúnjẹ ẹnì kan sè. Á ro iyán ẹni méjì, á bù ú síbi méjì, á jẹ tirẹ̀, á máa wo èkejì. Tó bá fẹ́ gbọ́ ohùn èèyàn, á tan rédíò. Kọ́sítọ́mà pọ̀, ọ̀rẹ́ kò sí. Ẹni tó ní àṣírí kì í lè ní ọ̀rẹ́, torí ọ̀rẹ́ a máa béèrè ọ̀rọ̀.

Ọdún yìí, nínú oṣù kẹsàn-án, ni Nọ́ọ̀sì Habeebat pè láìtíì tó àkókò. Ó ní Gbémisọ́lá ń bọ̀ wá pé ọdún méjìdínlógún. Àwọn dókítà fẹ́ tọ́pasẹ̀ wọn síwájú sí i, títí wọ́n á fi di àgbà, ṣùgbọ́n láti ìgbà yìí lọ, ìyá kò lè fọwọ́ síwèé fún ọmọ mọ́. Àwọn á pe ọmọ náà fúnra rẹ̀. Bí ìyá kò bá sì fẹ́, àwọn á yọ orúkọ kúrò, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀.

Florence jókòó nídìí maṣíìnì rẹ̀ láìtẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀. Kò ní sí ẹni tó máa mọ̀ láéláé. Ó gbé fóònù láti ní kí wọ́n yọ ọ́. Ó wá rántí ohun tí Samuel sọ. Ó rò ó pé bóun bá sọ ọ́, ọmọ náà lè kọ òun sílẹ̀, òun kò sì ní ẹlòmíràn láyé yìí. Ó tún rò ó pé bóun kò bá sọ ọ́, ṣé ọmọ náà wà lọ́dọ̀ òun báyìí? Ó gbé fóònù sílẹ̀.

Gbémisọ́lá wálé ní Sátidé ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ó jẹun, ó bọ́ bàtà, ó dúró ti férémù ilẹ̀kùn bó ti máa ń ṣe, láìjẹ́ pé wọ́n sọ fún un. Florence wọn gíga. Ó wọn èjìká, ó wọn àyà, ó wọn ìbàdí. Ó gbé tépù sókè sí orí.

"Gbémi," ó ní, "kì í ṣe torí aṣọ ni mo ṣe ń wọ̀n ẹ́ láti ọjọ́ yìí."

"Mo mọ̀, Mọ́mì. Mo ti ń dúró kí ẹ sọ ọ́."

Florence sọ ọ́. Ó sọ nípa Ìbàdàn, nípa abọ́ gíláàsì, nípa èyí tí kò dúró àti èyí tó dúró, nípa Nọ́ọ̀sì Habeebat. Ọmọ náà ń wò ó. Nígbà tó sọ ọ́ tán, ọmọ náà béèrè pé ṣé ìyẹn nìkan ni. Florence ní ìyẹn nìkan ni. Gbémisọ́lá bá fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn, ó bú sẹ́rìn-ín, omi sì ń dà lójú rẹ̀. Ó ní láti ìgbà tóun wà ní JSS kìíní lòun ti rò pé àrùn kan ń ṣe òun, tí wọ́n ń fi tépù ṣọ́ títí ọjọ́ tóun máa kú. Ó ní gbogbo ìgbà tí òtútù bá mú òun, òun á rò pé àrùn náà ló dé yìí. Ó ní ìdí nìyẹn tóun kì í fi í fẹ́ wálé, torí ojú tí ìyá òun fi ń wo òun.

Florence kò tíì ronú kan ìyẹn rí. Ó fẹ́ dì mọ́ ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà gbà, ó jẹ́ kó dì mọ́ òun díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀ pátápátá.

"Àǹtí Naomi mọ̀?"

Florence ń ká tépù mọ́ ìka rẹ̀.

"Mọ́mì, wọ́n máa ń fi ọwọ́ méjèèjì di orí mi mú. Àwọn yòókù máa ń fọwọ́ kàn án lásán ni. Àǹtí Naomi máa ń dì í mú, wọ́n á máa gbọ̀n. Gbogbo ọdún yẹn, ẹ dúró tì mí, ẹ ń wò wọ́n?"

"Ojú ń tì mí ni."

Gbémisọ́lá wọ bàtà rẹ̀. Tépù ṣì wà lọ́wọ́ Florence, kò tíì wọn orí. Ọmọ náà ní ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kan orí òun mọ́ nínú ilé yìí, àfi bí ìyá òun bá lọ sí Òkà. Kò pariwo. Ó kí ìyá rẹ̀ pé ó dàárọ̀, ó lọ wọkọ̀ padà sí Àkùngbá, oòrùn kò sì tíì kúrò láàárín ọ̀run.

Ní Móńdè, Florence ti ṣọ́ọ̀bù, ó lọ sí Òkà. Naomi wà níwájú ilé, ó ń ṣa ẹ̀wà lórí atẹ, àwọn ọmọ ìyàwó kejì ń ṣeré yí i ká. Nígbà tó rí i, inú rẹ̀ dùn débi pé ó dà lára ẹ̀wà náà sílẹ̀. Ó ní Ìyá Gbémi, ìwọ rèé lóòótọ́? Ó lé àwọn ọmọ lọ sẹ́yìnkùlé, ó nu àga, ó bu omi tútù fún un nínú ife. Ayọ̀ yẹn dun Florence ju bó bá ti gbá a létí lọ.

Ó gbé ife náà dání, kò mu ún. Ó sọ gbogbo rẹ̀, kò fi bò, kò sì dá Samuel tàbí ìyá ọkọ lẹ́bi. Naomi ti padà sídìí atẹ. Ó ń ṣa ẹ̀wà, ó ń ju òkúta nù.

"Lọ́dún tó o jẹ́rìí yẹn," ó ní, "ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mí."

Florence ní òun mọ̀.

Naomi dìde. Ó gba ife lọ́wọ́ rẹ̀, ó da omi inú rẹ̀ sílẹ̀. Ní ilẹ̀ Àkókó, àlejò tí a bá gba omi lọ́wọ́ rẹ̀ kò nílò àlàyé. "Máa lọ, Florence," ó ní. Ó ti tó ọdún méjìdínlógún tó ti pè é lórúkọ kẹ́yìn. Ó gbé atẹ rẹ̀, ó wọlé, ó sì rọra ti ilẹ̀kùn.

Florence fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ láti inú ọkọ̀ pé òun ti sọ ọ́. Ọmọ náà kò fèsì. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, èkejì kọjá. Nọ́ọ̀sì Habeebat pè é láti dágbére. Ó ní Gbémisọ́lá ti fọwọ́ síwèé, ó gbà kí wọ́n máa tọ́pasẹ̀ òun, ṣùgbọ́n ó ní òun fúnra òun ni kí wọ́n máa pè. Ó ní àwọn dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá fún gbogbo ọdún wọ̀nyí, ìwé rẹ̀ ló mọ́ jù nínú ti gbogbo àwọn ìyá. Ìwọ̀n orí ti ọdún yìí nìkan ló kù, ọmọ náà ní òun á fi ránṣẹ́. Florence ní ó dáa. Ẹni kan ṣoṣo tó ti ń bá a sọ òótọ́ láti ọdún méjìdínlógún gbé fóònù sílẹ̀, kò sì ní pè mọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú ìkórè, nínú oṣù kọkànlá, Florence kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kankan. Ó ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó láìsí iṣẹ́ lọ́wọ́. Ó ń ro ìjọ ní Òkà, ó ń ro ìlà àwọn obìnrin, ó ń ro bóyá Naomi ti sọ fún wọn. Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé sórí fóònù rẹ̀. Gbémisọ́lá ni. Kò kí i, kò sì kọ orúkọ sí i.

"Ínṣì mọ́kànlélógún àti ààbọ̀. Àǹtí Naomi ló wọ̀n ọ́n."

Florence kà á, ó tún un kà. Ó rí wọn méjèèjì níwájú ilé yẹn ní Òkà. Ó rí ọwọ́ méjèèjì Naomi lórí ọmọ náà, láìsí àdúrà, láìsí ìlà. Òun nìkan ni kò sí níbẹ̀, òun náà sì mọ̀ pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ó sunkún gan-an, kò sì sí ẹni tó máa ní pẹ̀lẹ́.

Nígbà tó sunkún tán, kò kọ nọ́ńbà náà sínú ìwé, torí kò sí dókítà tó máa bi í mọ́. Ó fa ègé aṣọ òfì kan yọ, èyí tó kù nínú aṣọ ìgbéyàwó Samuel, ó wọn ínṣì mọ́kànlélógún àti ààbọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé e. Kò mọ ìgbà tí ẹni tó ni ín máa wá gbà á.